Ọmọ Tí Kì Í Kí Ènìyàn

Ní ìlú Ìbàdàn níbí, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè bóyá ọmọ mọ̀wé, wọn yóò ti wò ó bóyá ó mọ ènìyàn kí. Ọmọkùnrin tó bá rí àgbà láàárọ̀ tí kò dọ̀bálẹ̀, ilé tí ó ti jáde wá ni wọn yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi, nínú ilé náà sì rèé, ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́sàn-án ní oṣù tó kọjá, kò sì tíì dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni rí àfi tí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ọdún mẹ́sàn-án yìí, èmi gan-an wà lára àwọn tó gbà pé ìyá rẹ̀ ni kò kọ́ ọ. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ́tísíìmù ló ní, pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀.

Ọmọ náà rìn ní oṣù kọkànlá, kí ọmọ aládùúgbò tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀ tó rìn, inú wa sì dùn débi pé a kò ka nǹkan mìíràn sí. Nígbà tí ó pé ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ó ń sọ “omi”, ó ń sọ “gbà”, ó sì máa ń juwọ́ sí mi bí mo bá ń lọ sí ibi iṣẹ́. Kí ó tó pé ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ó di ẹni tí ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ tí yóò máa wo fáànù òkè àjà títí wọn yóò fi mú iná lọ. Yóò kó gbogbo sálúbàtà inú ilé, yóò tò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, àwọn ńlá níwájú, àwọn kékeré lẹ́yìn. Bí àlejò bá sì yọ tirẹ̀ nínú ìlà náà láti wọ̀ ọ́ lọ sílé, àwọn ará ilé kejì yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Mo lè dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó má yíjú, ṣùgbọ́n bí ìyá rẹ̀ bá fa ọ̀rá bisikíìtì ya ní yàrá, kíá ni yóò ti dé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ìró ọ̀rá bisikíìtì tí kò sì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, kí ni ènìyàn yóò pe ìyẹn? Èmi pè é ní orí kunkun.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ẹni tó dá wa lóhùn níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, pé kí a lọ fọkàn balẹ̀. A lọ fọkàn balẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ti là kọjá, ọdún kan ààbọ̀ yẹn ló ń dùn mí jù, nítorí pé ìgbà tí ọmọ ṣì kéré ni ìrànlọ́wọ́ máa ń tètè mú un.

Láàárín àkókò náà ni ọ̀rọ̀ tún jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń retí. Ilé wa kò jìnnà sí Ìwó Road, níbi tí àwọn oní-máíkírà ti ń pe èrò láti ìdájí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí kò pe ìyá rẹ̀ rí dìde láàárín ilé, ó ní: “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!” Ohùn náà jọ ti awakọ̀ débi pé ìyàwó mi yọjú wo ìta. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá dé, a óò ní kí ó sọ ọ́. Bí a bá bi í pé ṣé ebi ń pa á, “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ” ni. Bí a bá bá a wí, òun náà ni. Ó tó oṣù mẹ́ta kí ìyàwó mi tó ṣàkíyèsí pé bí a kò bá tọ ọmọ náà ní ẹnu, kì í dá gbólóhùn yìí sọ àfi tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ́ jáde ni. Láti oṣù mẹ́ta ló ti ń bá wa sọ̀rọ̀, àwa sì ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àwàdà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ níkẹyìn, wọ́n ṣàlàyé fún wa pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ló máa ń gbá odindi gbólóhùn mú bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, tí wọn yóò sì so ó mọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò tí wọ́n gbọ́ ọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá gbé ọmọ náà wọ mọ́tò ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣéńjì yìí. Lójú tirẹ̀, orúkọ tí ìjáde ń jẹ́ nìyẹn.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn ṣá, a ti kọ́kọ́ yà ní ibi púpọ̀. Màmá mi ní ọmọ náà lẹ́gbẹ́ lọ́run, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá ṣeré nígbà tó bá tẹjú mọ́ òkè àjà. Àǹtí mi kan ní ó ní ibi tí ìyàwó mi rìn dé nígbà tó wà nínú oyún. A gbé e lọ sí orí òkè àdúrà, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnìkan kò sọ pé kí èmi gbààwẹ̀. Obìnrin kan ní àdúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì pòwe fún ìyàwó mi lójú mi pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Mo wà lórí àga, mo ń gbọ́ rédíò, n kò sì sọ nǹkan kan. Àwa Yorùbá náà la sọ pé ọmọ tó dára, ti bàbá ni, èyí tí kò dára, ti ìyá. Mo ti gba ìpín tèmi nínú òwe yẹn láì mọ̀.

Kí a má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe báyìí. Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, dókítà kan ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọ mọ́kànlá tí ìṣe wọn jọra wọn, ó sì lo orúkọ tí a ń pe ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyá àwọn ọmọ náà ni kò fẹ́ràn wọn tó, pé ọkàn ìyá náà tutù bí inú fíríìjì. Bruno Bettelheim ní Chicago wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà ga. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn abiyamọ ilẹ̀ òyìnbó fi ru ẹrù tí kì í ṣe tiwọn, kí Bernard Rimland tó tẹ ìwé jáde ní 1964, nínú èyí tí ó fi hàn pé inú ara àti ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Onímọ̀ nípa èrò ọkàn ni Rimland, òun náà sì bí ọmọkùnrin tó ní ọ́tísíìmù. Nígbà tí mo kà á, ìyàwó mi ni mo rí, àti ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àìsàn tí ń ranni, kì í sì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ló yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ sì kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe láti ọwọ́ ohun kan ṣoṣo, bí kò ṣe láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké tó para pọ̀. Ó máa ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn ṣe pọ̀, nínú àṣetúnṣe àti àsọtúnsọ nǹkan kan náà, nínú fífẹ́ kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà lánàá, àti nínú bí ìró, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn ṣe ń dé ara rẹ̀. Àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí omi, wọ́n sì ń lọ sí yunifásítì. Àwọn kan kò ní sọ̀rọ̀ láyé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ènìyàn kan nínú 127 ló ní in. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé láti 1978 ni Victor Lotter ti tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ó rí ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Iye àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń rí pé wọ́n ní in ju ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọmọbìnrin lọ, ṣùgbọ́n mo fura pé ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló wà tí a kò rí. Ọmọbìnrin tó bá dá jókòó sí kọ̀rọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, a óò máa yìn ín pé ọmọ tútù ni, kì í yojú sí ọ̀ràn ọlọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ ojú pẹ̀lú yẹ kí a wò dáadáa. Àwọn ìwé ka àìwojú ènìyàn sí ọ̀kan lára àwọn àmì, àwa náà sì ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n àwa kan náà la ń na ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà. Nítorí náà, òbí tó bá ń dúró de àmì yìí nìkan ní ilé Yorùbá lè pẹ́ kó tó rí nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bóyá ọmọ máa ń nawọ́ sí nǹkan láti fi hàn yín, tí yóò nawọ́ sí adìyẹ lójúde, tí yóò sì yíjú padà láti wò ó bóyá ẹ̀yin náà rí adìyẹ náà. Ọmọ tó bá ti pé ọdún kan ààbọ̀ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kì í dáhùn orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ọmọ ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ fúnra rẹ̀, àti ọmọ ọjọ́ orí èyíkéyìí tí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ bá pòórá, ẹ má ṣe fọkàn balẹ̀ bí a ti ṣe. Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, ogún ìbéèrè ni, fún ọmọ oṣù 16 sí 30. Kì í sọ pé ọmọ ní ọ́tísíìmù, ó kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí a túbọ̀ yẹ̀ wò ni. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ẹ̀rọ tó lè fi hàn. Dókítà yóò wo ọmọ bó ṣe ń ṣeré, yóò sì bi òbí léèrè ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Etí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ọmọ náà dití.

Àwa tí a wà ní Ìbàdàn kò ní ìdí púpọ̀ láti máa wí àwáwí. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn ńlá UCH, Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó kan fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ àti ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ẹ̀kọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, bẹ́ẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977 fún irú ẹ̀kọ́ yìí wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ibi tí wàhálà wà ni owó, àti iye ènìyàn tó ń tò sórí ìlà.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọdọ̀ gba àkókò wa púpọ̀. Andrew Wakefield ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998, lórí ọmọ méjìlá péré, pé abẹ́rẹ́ èéyi lè fà á. Nígbà tí yóò fi di 2010, ìwé ìròyìn tó gbé e jáde ti fa á padà, wọ́n sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gba abẹ́rẹ́. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni gìrì, nítorí pé wárápá wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ọ́tísíìmù ju láàárín àwọn ẹlòmíràn lọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi àgbo ìtọ̀ màlúù sí ọmọ lẹ́nu. Àwọn dókítà ti fi hàn tipẹ́ pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ débi tí gìrì náà yóò tún fi le sí i, tàbí kí ọmọ má jí mọ́.

Nílé, ohun tó yí ayé wa padà kéré lójú. Ọmọ mi kì í jẹ ẹ̀kọ tí ẹlòmíràn bá ti bó. Ọdún kan ni a fi ń jà lórí rẹ̀, tí a ń pè é ní ìkẹ́kùúkẹ́, kí a tó mọ̀ pé bí ewé náà ṣe ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ ló ń sọ fún un pé ẹ̀kọ ni òun fẹ́ jẹ, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ní báyìí, a óò gbé e fún un pẹ̀lú ewé rẹ̀, yóò fi ìka méjì ṣí i láti apá ọ̀tún, yóò tẹ́ ewé náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, yóò sì jẹun tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Irun rẹ̀ ńkọ́? Ìró kílípà ń dà á láàmú bíi pé wọ́n ń lu agogo nínú agbárí rẹ̀, nítorí náà a dá irun náà sí fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn ń pè é ní Dàda, wọ́n ń fún un ní owó. Ní báyìí, sísọ́ọ̀sì ni bàbá onígbàjámọ̀ ń lò fún un, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì máa pariwo.

Òde ìgbéyàwó kan ní Mọ́lété ló là mí lójú jù. Gáńgan ń dún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń han, ìmọ́lẹ̀ ayàwòrán ń bù yẹ̀rì, ọmọ náà wó lulẹ̀, ó ń gbá orí mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó ní kí n gba á, kí n lò ó. Inúnibíni kọ́, ó rò pé ìrànlọ́wọ́ ni. Ọmọ tó ń ṣe ojú ayé máa ń wò ó bóyá ẹ ń wo òun, bí ẹ bá sì fún un ní ohun tó fẹ́, yóò dákẹ́. Ọmọ tí ariwo ti kún bò mọ́lẹ̀ kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Mo gbé e jáde lọ sínú mọ́tò, mo pa ilẹ̀kùn dé, n kò sọ nǹkan kan, títí mímí rẹ̀ fi rọlẹ̀. Láti ìgbà náà, a kì í lọ sí òde láìmú ohun tí ń bo etí lọ́wọ́, a kì í sì í dúró ju wákàtí kan lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló dá a padà fún wa. Ọ̀gá ti èkejì ní àwọn òbí yòókù ń ráhùn. N kò mọ̀ nígbà náà pé òfin wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní Nàìjíríà: ẹni tó bá tàpá sí i lè san 100,000 náírà tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ sì lè san 1,000,000 náírà, òfin náà tún fún àwọn akàndá ẹ̀dá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Ibi tó wà báyìí, tíṣà rẹ̀ ya àwòrán sí ara kádì, ó sì tò wọ́n sára ògiri: àwo oúnjẹ, ìwé, bọ́ọ̀lù, mọ́tò. Bí ohun kan bá parí, ọmọ náà yóò lọ yí kádì rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ó mọ ohun tó kàn, ẹ̀rù kò sì bà á mọ́. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù pé kádì kò ní jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni.

Ìyàwó mi fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Àwọn tó ràn wá lọ́wọ́ jù kì í ṣe àwọn tó ní “ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run yóò wò ó sàn”, nítorí pé ọmọ náà kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá àgbà kan ní ilé kẹta ni, tó ní kí a máa gbé e wá sọ́dọ̀ òun ní ọ̀sán Sátidé fún wákàtí méjì, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Wọn kò bèèrè ohun tó ṣe é. Wọ́n bèèrè ohun tó fẹ́ràn. Wọ́n sì kó sálúbàtà ilé wọn jọ dè é. Aládùúgbò mìíràn gba nọ́ńbà wa, kí ó lè pè wá bó bá rí i lójú títì, nítorí pé àwọn ọmọ báyìí máa ń yọ́ jáde láìbẹ̀rù mọ́tò tàbí odò. A ti kọ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀wù rẹ̀ gbogbo pẹ̀lú.

Ní ti màmá mi, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. N kò bá wọn jiyàn lórí ẹgbẹ́ ọ̀run. Mo kàn ní kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi oríkì pe ọmọ náà bí wọ́n ṣe máa ń pe èmi náà nígbà kan, wọ́n ń fa ohùn náà gùn: “Àkàànníí.” Ọmọ tí kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ dìde láti ibi sálúbàtà. Kò dọ̀bálẹ̀. Kò wo ojú wọn. Ó wá dúró tì wọ́n, ó fi èjìká rẹ̀ ti èjìká wọn, ó wo ojú títì, ó sì ní: “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ.”

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n màmá ti ń tú etí ìró wọn. Wọ́n yọ àádọ́ta náírà kan tó ti ká kọ̀ǹbọ̀, wọ́n nà án síta, wọ́n sì fi lé e lọ́wọ́.

“Ṣéńjì mi rèé, ọkọ mi,” wọ́n ní. “Níbo là ń lọ?”